Àgbọ́tẹ́lẹ̀ Àwọn Tó Ń Kó Orin Ọ̀fẹ́

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e ni òwe yìí ń gbà níyànjú: kó tètè gbọ́, kó tètè máa wọ́ lọ. Àwọn kan wà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà tí ẹsẹ̀ wọn pé, síbẹ̀ tí wọn kì í fi àgbọ́tẹ́lẹ̀ ṣeré. Orin tuntun ni ogun tiwọn.

Lọ́dún 1988 ni Jarkko Oikarinen, ọmọ ilẹ̀ Fínláńdì, ṣe IRC ní yunifásítì ìlú Oulu, kí àwọn ènìyàn lè máa tàkúrọ̀sọ lórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí Bram Cohen gbé BitTorrent tí a fi ń pín fáìlì jáde ní 2001, àwọn tó ń lò ó rí iṣẹ́ mìíràn fún IRC. Wọ́n ya yàrá sọ́tọ̀ níbẹ̀ tí ènìyàn kì í ti í sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ akéde nìkan ló ń fọhùn: orúkọ fáìlì, bó ṣe tóbi tó, ibi tó wà. Kí ojú tó ṣẹ́, ẹ̀rọ mìíràn bíi autodl-irssi ti ka ìkéde náà, ó sì ti fa fáìlì wálé. Ẹni tó ni ẹ̀rọ náà ń hanrun lórí ibùsùn.

Kí ló dé tí wọ́n ń sáré tó bẹ́ẹ̀? Gbèsè ni. Lórí ìkànnì tí kì í ṣe gbogbo ayé ló ń wọ̀ ọ́, ohun tí o bá gbà, o gbọ́dọ̀ fi ìwọ̀n kan fún ẹlòmíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á lé ọ jáde. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí fáìlì ni àwọn yòókù máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀; ẹni tó bá pẹ́ dé kò ní rí ẹni tó máa fún. Ni wọ́n bá ń háyà kọ̀ǹpútà tó yára bí àṣá ní Nẹ́dálándì, wọ́n ń sanwó lóṣooṣù. Nítorí ohun ọ̀fẹ́ o! Owó náà lè tó èyí tí wọn ì bá san fún Spotify.

Lórí What.CD, ọ̀kan nínú irú ìkànnì bẹ́ẹ̀, ìdánwò tún wà nígbà ayé rẹ̀. Lórí IRC ni wọ́n ti ń bi ẹni tó fẹ́ wọlé ní ìbéèrè nípa oríṣi fáìlì orin, bí ẹni ń gba ọmọ sí yunifásítì. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, kó lọ kàwé sí i kó tó padà wá kó orin olórin.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá 2016, àwọn agbófinró Faransé kó àwọn ẹ̀rọ What.CD, ìkànnì náà sì kú. Kò sí yàrá tó kéde ìyẹn ṣáájú. Bẹ́ẹ̀, wọ́n ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀ dáadáa: ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá 2007, ọlọ́pàá Gẹ̀ẹ́sì àti ti Nẹ́dálándì ti ìkànnì OiNK pa. What.CD fúnra rẹ̀ ni wọ́n dá sílẹ̀ láti rọ́pò OiNK!

Kò pẹ́ tí òun náà kú tí arọ́pò tirẹ̀ fi dé. Redacted ni wọ́n ń pè é báyìí, orí IRC náà ni wọ́n sì ti ń ṣe ìdánwò rẹ̀.