Ayàwòrán Ilé Ọlọ́sẹ̀ Mẹ́fà

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó ti gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ìtàn tàbí ètò ọrọ̀-ajé kò ní láti padà sí ìbẹ̀rẹ̀ yunifásítì kí ó tó lè kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé, nítorí pé oyè másítà kan wà tí wọ́n ń pè ní M.Arch, èyí tí ó máa ń gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́ta àbọ̀. Ohun tí ó máa ń kò ó lójú ni pọtifólíò, ìyẹn ìwé tí olùbẹ̀wẹ̀ ń to àwòrán iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí, nítorí pé ẹni tí ó lo ọdún mẹ́rin lórí ìwé ìtàn kì í sábà ní iṣẹ́ ọwọ́ tí yóò fi hàn. Nítorí irú wọn ni àwọn yunifásítì bíi Harvard, Columbia àti Berkeley ṣe gbé ẹ̀kọ́ ìgbà ooru kalẹ̀, ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nínú èyí tí aláìmọ̀kan ń jókòó sí sítúdíò, tí í ṣe iyàrá iṣẹ́ àwọn ayàwòrán, tí yóò sì tọ́ iṣẹ́ náà wò. Ète rẹ̀ dára. Ẹni tí ó ń tibẹ̀ jáde ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀.

Ayàwòrán ilé ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà máa ń dé ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ pẹ̀lú ẹ̀wù aláràbarà, ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, dúdú ni ó ń wọ̀ láti ọrùn dé ẹsẹ̀, ó sì ti ra awò ojú roboto irú èyí tí Le Corbusier, ayàwòrán ilé olókìkí nì, ń lò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tí ó ṣe ojú rẹ̀. Ó ní àwọn ẹni mímọ́ tí ó ń ké pè: Le Corbusier tí kò gba oyè yunifásítì nínú iṣẹ́ náà, Tadao Ando ará Jàpáánù tí ó ti ja ẹ̀ṣẹ́ rí, tí ó sì kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́, àti Philip Johnson tí ó ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún kí ó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ayàwòrán ilé ní Harvard ní 1940. Ó mọ̀ wọ́n lórí bí ẹni mọ oríkì ìdílé rẹ̀. Pé Le Corbusier ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn ayàwòrán ilé méjì, Auguste Perret ní Paris àti Peter Behrens nítòsí Berlin, kí ó tó dá dúró, ìyẹn kò sí nínú apá tí ó há sórí.

Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ń fún un kò díjú: kí ó fa ìlà tí ó tọ́, kí ó gé páálí, kí ó sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ di àwòṣe, èyí tí í ṣe ilé kékeré tí a fi ń mọ bí ilé ńlá yóò ti rí. Bí ọ̀bẹ bá gé e ní ìka, báńdéèjì rẹ̀ yóò pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ju ọgbẹ́ náà lọ. Àìsùn ni ó kà sí ẹ̀rí ẹ̀bùn, nítorí náà iṣẹ́ wákàtí méjì ni yóò fi ọ̀sán sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, tí yóò sì fi òru ṣe, kí àwọn tí ń wọlé láàárọ̀ lè bá a níbẹ̀.

Júrì ni ibi tí adùn wà. Èyí ni ìjókòó tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ara ògiri, tí àwọn olùkọ́ àti àwọn ayàwòrán ilé tí wọ́n pè láti ìta yóò sì máa bi í ní ìbéèrè lójú gbogbo ẹgbẹ́. Akọni wa gbé ilé ìkàwé kan kalẹ̀, páálí funfun tí ó wọ́ kọrọdọ, ó sì sọ̀rọ̀ títí lórí ìrántí àti òfìfo. Obìnrin àgbà kan tí ó ti kọ́ ilé gidi yóò wo àwòrán ìlàjì rẹ̀, ìyẹn àwòrán tí ń fi inú ilé hàn bí ìgbà tí a fi ayùn là á láti òrùlé dé ìpìlẹ̀, yóò sì béèrè ibi tí òjò ń gbà kúrò lórí òrùlé náà. Yóò dáhùn pé òun fẹ́ kí ilé náà máa bá omi sọ̀rọ̀ ni. Obìnrin náà yóò béèrè bí arúgbó tí ń fi ọ̀pá rìn yóò ti dé àjà kejì. Yóò dáhùn pé ilé náà gan-an ni ó ń béèrè ìbéèrè yẹn. Wọn yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn yóò kọjá sí ẹni tí ó kàn, òun yóò sì tẹ ìyá rẹ̀ láago lálẹ́ ọjọ́ náà pé àwọn àgbà iṣẹ́ kò rí èsì fọ̀ fún òun.

Ní òtítọ́, ẹni tí ó jèrè ẹ̀kọ́ yìí jù lọ kì í sábà gba ìyìn, nítorí pé òun ni ẹni tí ó rí i ní ọ̀sẹ̀ kẹta pé iṣẹ́ náà kò bá òun lára mu, tí ó di ẹrù rẹ̀, tí ó sì gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ gbèsè ọdún mẹ́ta. Ayàwòrán ilé ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà máa ń káàánú irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Bí ìgbà òtútù bá ti ń sún mọ́, tí gbèdéke ìbẹ̀wẹ̀ ń bọ̀, ó di kí a to pọtifólíò. Ilé ìkàwé kan ṣoṣo yẹn yóò gba ojú-ìwé mẹ́rìnlá, a ó yà á níwájú, lẹ́yìn, lókè, nínú èéfín, gbogbo rẹ̀ lórí aṣọ dúdú. Ohun tí kò rò ni pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n fún gbogbo ẹgbẹ́, tí ẹni tí ń ka ìwé ìbẹ̀wẹ̀ yóò sì ti rí ilé ìkàwé oníkọrọdọ náà lọ́wọ́ àwọn mìíràn kí tirẹ̀ tó dé. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ a máa gba fọ́tò, àwòrán ọ̀dà àti iṣẹ́ igi pẹ̀lú, ṣùgbọ́n àpótí ìjókòó tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn fún ìyá rẹ̀ àgbà, tí ó sì gba ìdí, ni ó kọ́kọ́ yọ kúrò. Àròkọ ìbẹ̀wẹ̀ rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí Lego tí ó fi ṣeré ní ọmọdé.

Lẹ́tà ìgbaniwọlé dé, nítorí pé Ọlọ́run kì í bínú ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn oyè náà, wákàtí 3,740 iṣẹ́ àkọsílẹ̀ àti ìdánwò onípín mẹ́fà ṣì wà níwájú kí ó tó lè gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ láti máa pe ara rẹ̀ ní ayàwòrán ilé, orúkọ tí ó ti ń jẹ́ nílé láti oṣù keje. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ẹ̀kọ́ M.Arch náà, olùkọ́ béèrè ẹni tí ó ti kọ́ nǹkan kan nínú iṣẹ́ náà rí, ọwọ́ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ lọ sókè, olùkọ́ sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gbìyànjú láti gbàgbé rẹ̀ kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì.