Ilé Tó Ń Ta Ọmọ

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àwọn àgbà tó sọ ọ́ kò tíì rí akọ́nimọ̀ọ́gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì Amẹ́ríkà. Tirẹ̀ ni pé ọmọ tí òun kò tíì kọ́, òun ni yóò yára tà, kí ọmọ ọ̀hún má baà rí ilé tà.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọ̀gá tuntun dé, ó rẹ́rìn-ín sí àwọn oníròyìn, ó ní ẹbí kan ni gbogbo wa. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti ń kí ẹbí pé ó dàbọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá dorí kọ ojú òpó tí NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìdárayá yunifásítì, ṣí lọ́dún 2018 fún àwọn tó fẹ́ pààrọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ó ń ṣa ọmọ tí ẹlòmíràn ti kọ́. Lọ́dún 2021, wọ́n gbà kí ẹni tó bá ṣípò lẹ́ẹ̀kan máa gbá bọ́ọ̀lù láìjókòó fún ọdún kan. Ọdún yẹn náà ni wọ́n gbà kí ọmọ máa pawó lórí orúkọ ara rẹ̀. N kò bá ọmọ jà lórí owó. Òógùn rẹ̀ ni. Olùkọ́ tó sọ ara rẹ̀ di alágbàtà ni mo ń bá wí.

Lọ́dún 2024, akọ́nimọ̀ọ́gbá John Calipari kúrò ní yunifásítì Kentucky, ó dé Arkansas, ó ní òun pàdé ẹgbẹ́ náà, kò sí ẹgbẹ́ kankan níbẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀, Wagner, Thiero àti Ivisic, fi tọ̀ ọ́ wá láti Kentucky. Mark Pope tó gba ipò rẹ̀ bá yàrá òfìfo. Mo fi tiẹ̀ jì í: ta ni yóò kọ́ àga?

Ní yunifásítì Purdue, akọ́nimọ̀ọ́gbá Matt Painter gba ọmọ Kánádà kan, Zach Edey, lọ́dún 2020. Àmì ayò 8.7 ló ń jẹ nínú eré kọ̀ọ̀kan lọ́dún àkọ́kọ́. Lọ́dún kẹrin, ó di 25.2. Lóṣù kẹta 2023, Fairleigh Dickinson, ilé-ẹ̀kọ́ kékeré tí ẹnikẹ́ni kò kà sí, na Purdue, ó fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ẹlòmíràn ìbá ti gbálẹ̀ ilé mọ́ tónítóní. Painter dá ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ náà padà sórí pápá, ó fi Lance Jones láti Southern Illinois kún wọn, wọ́n sì dé àṣekágbá ìdíje NCAA 2024. UConn nà wọ́n níbẹ̀, 75 sí 60. Ẹ̀kọ́ kì í ṣe oògùn ajẹ́bíidán.

Àwọn kan yóò ní Florida gba ife NCAA 2025 pẹ̀lú agbábọ́ọ̀lù Walter Clayton tó wá láti Iona. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n sáà méjì ló lò lọ́dọ̀ wọn kó tó gbé e.

Ẹ̀yin aláṣẹ yunifásítì, bó bá jẹ́ alágbàtà lẹ fẹ́, ẹ gba ojúlówó rẹ̀ síṣẹ́. Bóyá owó oṣù rẹ̀ á tilẹ̀ kéré.