Irin Tó Gbá Ìyá Ìyàwó Ọ̀gá Létí

Ahun ni mí. Kí n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Oníbàárà kan gbé irin roboto oní-mílímítà 12 wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Mushin, pé kí a fi ṣe ọ̀pá kéékèèké fún àwọn ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀. Mítà 6 ni gígùn irin náà. Ọ̀gá ní kí n kọ́kọ́ fi ayùn gé e ní ìdajì mítà, ìdajì mítà. Mo ṣírò rẹ̀: ègé kọ̀ọ̀kan ló máa ṣẹ́ ìdí kan kù tí léèdì ò ní lè gbá mú mọ́. Irin á ṣòfò, apá á sì tún ro mí. Bí ọ̀gá ṣe yẹsẹ̀ báyìí, mítà 2 ni mo gé e sí.

Ẹni tí kò bá mọ léèdì, ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ́ irin ni: irin ló ń yí, ọ̀bẹ kì í yí. Ṣọ́ọ̀kì ló ń gbá irin mú níwájú. Irin tó bá gùn á gba inú ihò àárín ẹ̀rọ kọjá, ìdí rẹ̀ á sì yọ lẹ́yìn. Iwájú ni ojú òṣìṣẹ́ máa ń wà. Ẹ̀yìn ni nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ní nǹkan bí 200 yípo ní ìṣẹ́jú kan, irin ń mì díẹ̀díẹ̀. Mo ní kó máa mì. Ṣùgbọ́n ojú iṣẹ́ kò dán, èmi sì fẹ́ràn kí nǹkan máa dán. Mo gbé e sí 800.

Fìì! Ìdí irin ti tẹ̀ kọdọrọ, ó di àtòrì ọwọ́ eégún. Ó gbá garawa omi funfun tí a fi ń tu ọ̀bẹ lójú dànù, ó sì bọ́ sára ògiri, níbi tí kàlẹ́ńdà ìsìnkú ìyá ìyàwó ọ̀gá wà. Bọ́tìnì pupa tí a fi ń pa ẹ̀rọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi o, ẹsẹ̀ ni mo fà yọ. Iná tó lọ lójijì ló gbà wá. Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo kí àwọn oníná kú iṣẹ́.

Ọ̀gá wọlé, ó wo àwòrán tó ya láti etí dé àgbọ̀n. "O fi irin gbá ìyá ìyàwó mi létí!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ má bínú."

"Èmi kọ́ lo máa bẹ̀. Ìyàwó mi ń bọ̀."

Ìdí tí irin fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé kò sí irin tó tọ́ tán. Ibi tó bá wọ́ díẹ̀, yíyí á tì í síta. Bó ṣe ń jáde sí i ni agbára tó ń tì í ń pọ̀ sí i. Irin oní-mílímítà 12 tí mítà 1 rẹ̀ yọ láìní agbéró, nǹkan bí 500 yípo ní ìṣẹ́jú kan ti tó láti sọ ọ́ di wèrè. Bó bá jẹ́ mítà 2 ló yọ, 125 ti tó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rankine, ará Scotland, ti kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí láti 1869. Èmi ò kà á, ọ̀gá ò kà á, ṣùgbọ́n ògiri wa ti mọ̀ ọ́n.

Iná dé, mo ní kí ọmọ iṣẹ́ kékeré fi àkísà di ìdí irin mú. Ọ̀gá fọ́ mi létí kí n tó sọ̀rọ̀ tán: àkísà tí irin bá wé, ọwọ́ ni yóò bá a lọ. Mo wá gbé páìpù lé orí àga oníke, mo ki irin bọ̀ ọ́. Páìpù náà fẹ̀ jù. Irin ń lu ìlù nínú rẹ̀, àga sì ń jó, ó jó títí ó fi jó jáde sí títì.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló jó irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta pọ̀, ó fi bóòtù dè é mọ́ ilẹ̀, ó sì gbé páìpù lé e kó bá ihò ẹ̀rọ dọ́gba gẹ́lẹ́. Ó fi igi gbẹ́ búùṣì sínú rẹ̀, irin kàn ráyè yí ni. Ó fi òmíràn sí ẹnu ihò lẹ́yìn ẹ̀rọ. Síbẹ̀, ó ní ìdí irin kò gbọdọ̀ yọ kọjá páìpù, eré ẹ̀rọ kò sì gbọdọ̀ pọ̀.

Àyà mi ti já ná. Èyí tó kù, mo gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, kò sí èyí tó gùn tó apá. Ìkékù kún ilẹ̀, ṣọ́ọ̀kì ò lè gbá ọ̀kankan mú. Oníbàárà dé, ó ka ọ̀pá rẹ̀, ó wo ilẹ̀. Ó ṣa gbogbo ìkékù náà sínú ọ̀rá, ó gbé e, ó sì tún yọ owó wọn kúrò nínú owó iṣẹ́ mi.