Bí Ọmọ Òpómúléró Ṣe Ra Igi Òrùlé

Nínú gbogbo ìran tí ń bẹ nílẹ̀ Yorùbá, bí ó bá ku ìran kan ṣoṣo tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni lè fi igi tàn jẹ, ìran tèmi ni, nítorí ọmọ Òpómúléró ni mí, ọmọ àwọn tí ń daṣọ bo òpó ilé, tí wọ́n gbà pé kí baálé tó fi ilé ṣògo, òpó ni kí ó kọ́kọ́ kí. Síbẹ̀, nígbà tí èmi náà dàgbà tán, tí mo ra ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì ní Àgílítì lẹ́bàá Mile 12, tí mo sì ń kọ́lé mi díẹ̀díẹ̀ bí owó ṣe ń wọlé títí ó fi dé orí líńtẹ̀lì, tí ó wá ku igi òrùlé nìkan, ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi fà lọ́dọ̀ àwọn onípákó kò ṣeé rò níbi ìpàdé ẹbí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní igi tí a bá fojú rénà ní í gún ni lójú; ẹ jẹ́ kí n ròyìn bí tèmi ṣe gún mi, bóyá ojú ẹlòmíràn yóò yè.

Bàbá Káfíńtà tí yóò kan òrùlé náà ti kọ gbogbo ohun tí a nílò sínú ìwé fún mi: iye tú-báí-fọ́ọ̀, iye tú-báí-tírì, àti igi líle bí òpèpè tàbí àpá fún èyí tí yóò jókòó lórí ògiri. Ó ní, “Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí á jọ lọ sọ́jà.” Mo kọ̀. Mo ní ẹni tí ó kàwé dé ibi tí mo kà á dé kò nílò ẹni tí yóò máa fà á lọ́wọ́ kiri ìsọ̀ pákó. Ṣé èmi kò mọ̀ pé ìrókò Olúwéré ni ọba igi ni, pé arère fúyẹ́ kò sì le, pé ọmọ̀ ni àwọn onílù fi ń gbẹ́ ìlù? Gbogbo rẹ̀ ni mo mọ̀. Ohun tí n kò mọ̀ ni bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe ń rí nígbà tí wọ́n bá ti là á tán, tí kò léwé lórí mọ́, tí kò sì léèpo lára.

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ kò tilẹ̀ jẹ́ kí n fojú kan igi. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ wa sọ fún mi pé àwọn onísọ́ọ̀mílì Oko-Bàbá ní Èbúté-Mẹ́ta, àwọn tí èéfín wọn àti ìtì igi wọn tí ó léfòó lórí ọ̀sà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó ti ń gba afárá Third Mainland kọjá láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí i ní 1990, ìjọba ti ń kó wọn lọ sí Ìkòsí, ẹni tí ó bá sì lọ síbẹ̀ yóò bọ́ lọ́wọ́ alágbàtà. Mo rẹ́rìn-ín. Ìkòsí! Ìkòsí tí mo ń gbà kọjá lójoojúmọ́! Bí mo ṣe dá góńgó agbádá mi lé èjìká nìyẹn, tí mo wọ ọjà eléso Ìkòsí ní Kétu, tí mo ń bèèrè ìtì igi láàárín òkìtì ọ̀pẹ̀-òyìnbó àti ọsàn. Obìnrin kan wò mí tìyanutìyanu, ó ní, “Bàbá, igi ọsàn ni ẹ ń wá ni, àbí igi máńgòrò?” Ìgbà tí mo délé ni mo gbọ́ pé Àgbówá-Ìkòsí, lápá Ẹ̀pẹ́ lọ́hùn-ún, ni ọ̀gbẹ́ni náà ń wí.

Ní ọjọ́ kejì ni mo bá ara mi ní ìsọ̀ obìnrin àgbà kan ní Kétu, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Onípákó. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó bi mí ìgbà tí mo fẹ́ kan òrùlé náà, mo ní lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni. Ó mi orí. Ó ní, “Ẹ má bínú, bàbá. Igi líle tí mo ní nílẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Oǹdó dé ni, ó ṣì tutù. Bí ẹ bá kàn án báyìí, yóò lọ́ mọ́ páànù lórí nígbà tí ọyẹ́ bá dé. Ẹ jẹ́ kí òjò lọ ná. Bí ẹ bá sì fẹ́ rà níbòmíràn, ẹ gbé e wò lọ́wọ́, ẹ fi èékánná ha ara rẹ̀, ẹ wo ojú ibi tí wọ́n ti gé e, kí ẹ sì mú téèpù dání.” Inú bí mi. Mo ní irú ọjà wo ni èyí, tí a gbé owó wá tí ọlọ́jà ń lé wa lọ?

Inú bíbí yìí ni mo gbé dé ìsọ̀ kejì, tí n kò ní júwe, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí n kò ní dárúkọ. Òun kò bèèrè ìgbà tí n ó kan òrùlé; ìran mi ni ó bèèrè. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán lẹ́nu mi tí ó fi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí, láti orí baba tí ó kọ́kọ́ daṣọ bo òpó títí dé orí èmi tí mo dúró síwájú rẹ̀ nínú eruku pákó. Orí mi wú. Ó ní ìrókò ni ti òkè yìí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní àpá ni ti ìsàlẹ̀, mo ní mo ti rí i. Ká ní ó sọ pé pòròpórò àgbàdo ni, iye rẹ̀ ni n bá bèèrè. Téèpù wà lápò mi, ṣùgbọ́n ìtìjú ni ó jẹ́ lójú mi láti yọ téèpù sí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ júbà baba ńlá mi. Mo san owó igi láìnájà, mo sì tún náwó fún un lórí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ti ń ṣe fún onírárà.

Nígbà tí ọkọ̀ já igi sílẹ̀, Bàbá Káfíńtà fi ọwọ́ kan gbé pákó kan, ó wò ó, ó wò mí. “Ẹ̀yin ọ̀gá, ta ni ó kú?”

“Kí ló dé?”

“Pákó pósí ni wọ́n tà fún yín.”

Ó wọn tú-báí-fọ́ọ̀, ó bá íǹṣì kan ààbọ̀ àti mẹ́ta. Èyí tí ó yẹ kí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12 kò pé 11. Ó ní kí á dá a padà. Mo ní ọmọ Òpómúléró kì í dá igi padà. Ó ní ó kéré tán kí á fi Solignum, oògùn kòkòrò igi, kùn ún. Mo ní ìrókò kì í para.

Kí ó má baà dà bí ẹni pé n kò gbàmọ̀ràn, mo ní kí wọ́n to igi náà sílẹ̀ kí ó gbẹ, bí Ìyá Onípákó ti wí. Mo tò ó sórí ilẹ̀ lásán, ní Àgílítì, láàárín òjò. Ẹni tí ó bá ń gbé agbègbè wa ní Kòsọ́fẹ́ mọ ohun tí ó kàn: ìsédò Ọ̀yán tí wọ́n ṣí ní 1983 lápá Abẹ́òkúta tú omi sílẹ̀, odò Ògùn kún dé ẹnu, ó sì wọlé tọ̀ wá wá. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ìtì igi ti ń gba ojú omi wọ Èkó. Tèmi gba ojú omi jáde. Àwọn aládùúgbò mú un, wọ́n tò ó láti ojúlé dé ojúlé kí wọ́n lè rí nǹkan tẹ̀ kọjá, bàbá kan sì wá kí mi pé, “Ẹ ṣeun, alàgbà, Olúwa yóò parí ilé yín láyọ̀.” Ẹnu kò gbà mí láti béèrè igi mi. Mo ní àmín.

Èyí tí omi ṣẹ́kù ni a kàn. Ọyẹ́ dé, páànù wú sókè níhìn-ín, ó tẹ̀ sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Kò pẹ́ tí a kó wọlé ni ìyẹ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í wà lórí ibùsùn wa láràárọ̀, mo sì fẹ̀sùn kan àwọn ìbejì mi pé wọ́n ń jẹ gààrí lórí ẹní mi. Mo ti mú pàṣán lọ́wọ́ kí ìyá wọn tó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, “Bàbá Ìbejì, ẹ gbójú sókè.” Ihò wẹ́wẹ́ ti kún ara igi. Kòkòrò tí ń lọ igi funfun kúnná ni. Oúnjẹ tí igi tọ́jú sára nígbà ayé rẹ̀ ni ó ń wá kiri, arère sì ní in yanturu. Nítorí náà, kòkòrò ni ó kọ́kọ́ mọ̀ dájú pé kì í ṣe ìrókò.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ó tẹ̀ lé e, mo padà sí Kétu, Bàbá Káfíńtà níwájú, èmi lẹ́yìn, téèpù lọ́wọ́. A gbé e wò, a ha á, a wọ̀n ọ́n, a wo ojú ibi tí wọ́n ti gé e, Ìyá Onípákó kò sì bínú. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń yọ èyí tí ó ní kókó sọ́tọ̀. Nígbà tí mo ń kówó fún un, ojú oríkì ṣì ń pọ́n mi díẹ̀, mo ní, “Ìyá, ṣé ẹ mọ oríkì àwọn Òpómúléró?”

Ó ní, “Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, bàbá, ibẹ̀ ni ìyá tó bí mi lọ́mọ ti wá. Ṣùgbọ́n igi ni mo ń tà.”