Oríkì Baba RSS, Àgbà tí Wọ́n Kó Lọ sí Yàrá Ẹ̀yìn

Ẹ pa ẹnu mọ́ ní agboolé yìí. Ẹni tó ń jẹ garba lọ́wọ́, kó gbé abọ́ sílẹ̀. Ọmọ Èjìgbò ni mí, Koumassi ní Abidjan ni wọ́n bí mi sí, ìtòsí Grand Carrefour ni mo ti ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, mo sì fẹ́ ki ẹnì kan lónìí. Kì í ṣe olóyè. Kì í ṣe Alhaji tó ní bọ́ọ̀sì mẹ́ta lọ́nà Èjìgbò sí Abidjan. RSS ni mo fẹ́ kì, irinṣẹ́ tó ti ń gbé nínú èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Ruby láti ayé Ruby 1.8, tí wọ́n wá kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní pálọ̀ lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún 2020.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, ẹ gbọ́. Ìkànnì tó bá ń gbé ìròyìn jáde lè kọ ìwé pélébé kan sílẹ̀ fún ẹ̀rọ: àkọlé rèé, ìjápọ̀ rèé, ọjọ́ rèé. Ẹni tó ń wá ohun tuntun kò ní máa ṣí ojúewé kiri mọ́. Ìwé pélébé yẹn là ń pè ní fíìdì RSS. Irinṣẹ́ tó ń bá Ruby kà á, tí Kouhei Sutou ará Japan kọ, òun náà ń jẹ́ RSS. Fíìdì ni n ó kọ́kọ́ kì; ẹ máa lu ìlù bọ̀.

RSS o!
Ọmọ tí ilé-iṣẹ́ Netscape bí ní 1999,
tí bàbá rẹ̀ kọ̀ sílẹ̀ kó tó já lẹ́nu ọmú.
Olórúkọ mẹ́ta bí ẹni tó ń sá fún gbèsè:
RDF Site Summary lọ́jọ́ ìkómọ,
Rich Site Summary nígbà tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́,
Really Simple Syndication nígbà tó dàgbà tán.
Ó pe ara rẹ̀ ní ẹni rírọrùn,
ó bí 0.90, ó bí 0.91, ó bí 0.92, ó bí 1.0, ó bí 2.0.
1.0 kì í ṣe ẹ̀gbọ́n 2.0,
2.0 kò mọ 1.0 rí lọ́mọ ìyá,
wọ́n kàn jọ ń jẹ́ orúkọ ni,
bí Ìyá Ṣadé mẹ́rin nínú ọjà kan ṣoṣo.

Mo ṣì ń kì í lọ, ó kan irinṣẹ́ Ruby náà. Tíṣà tó ń fi rúlà wọn èékánná! Bí fíìdì kan bá dé láìní ìlà tí wọ́n ń pè ní description, ìbáà gbé gbogbo ìròyìn ayé dání, Baba á ké MissingTagError, á nà gbalaja sílẹ̀, gbogbo ètò á sì dákú. Kí la wá ń ṣe? Ẹ̀bẹ̀ ni. À ń kọ false sí ẹ̀yìn àṣẹ tí a fún un, ìyẹn ni pé, ‘Baba, ẹ má wulẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ṣáà bá wa kà á.’ Àgbà wo ló tún kù tí ọmọdé gbọ́dọ̀ bẹ̀ pé kó má ṣiṣẹ́ rẹ̀ kí iṣẹ́ tó lè lọ?

Àti ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀, REXML, irinṣẹ́ tó fi ń ka ìwé pélébé yẹn! Ọjọ́ kan náà ni wọ́n kó ẹrù àwọn méjèèjì kúrò ní pálọ̀.

Onílé ni Yukihiro Matsumoto, ẹni tó dá Ruby, tí gbogbo wa ń pè ní Matz, Kérésìmesì ni Ruby tuntun sì máa ń jáde. Nígbà tí Ruby 3.0 dé, àwọn tó ń tún ilé ṣe fẹ́ dín ẹrù orí wọn kù. Wọn kò ju Baba sí ìgboro. Bundled gem ni wọ́n sọ ọ́ dà: ó ṣì ń bá Ruby wọ ilé rẹ, àmọ́ yàrá ẹ̀yìn ló ń sùn. Ẹni tó bá ń fi Bundler, tó ń kó irinṣẹ́ jọ fún ètò, ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé irinṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Gemfile, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ Bundler á ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ibi tó dùn jù nìyí: irinṣẹ́ méjì kan, xmlrpc àti net-telnet, wà lára àwọn tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn yẹn tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí Baba ń kó wọlé, àwọn méjèèjì ń gba géètì jáde. Ẹní wọn ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tó tẹ́ tirẹ̀.

Èmi náà jìyà níbẹ̀, ẹ̀bi mi sì ni, n kò ka ìkéde. Mo ti kọ ètò kékeré kan fún ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, tó ń kó àkọlé ìròyìn ilé jọ láràárọ̀. Mo gbé e bọ́ sórí Ruby tuntun, ilẹ̀ mọ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju ‘cannot load such file -- rss’ lọ. Alága pè mí.

‘Àbúrò, ṣé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà mọ́ ni?’

‘Ẹ̀gbọ́n, ó ń ṣẹlẹ̀ o. Ẹni tó ń bá yín kà á ni wọ́n déguerpi.’

Ó yé e wàrà. Ta ni kò mọ déguerpi ní Koumassi? Katakata á dé láàárọ̀, tábìlì obìnrin tó ń ta alloco á fọ́. Kó tó di ọjọ́ kejì, obìnrin náà á ti wà lẹ́yìn ògiri kan náà, á máa dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀.

RSS, àrólé tí kò rí ogún jẹ,
ìwọ lo sin Google Reader tó ń ka fíìdì rẹ ní 1 July 2013,
o jẹun òkú, o padà sílé.
Fíìdì rẹ ló ru ọ̀pọ̀ pódíkáàsì tí wọ́n ń gbọ́ nínú ọkọ̀ gbaka,
wọn kò sì mọ orúkọ ẹni tó rù ú.
(Ẹ má jẹ́ kó gbọ́ èyí. Ó lè ní kí wọ́n dá òun padà sí pálọ̀.)

Ìlà kan ṣoṣo ló tún iṣẹ́ mi ṣe: gem "rss". Bí ẹ bá ní ètò àtijọ́ tó ń ka fíìdì, ẹ lọ ṣí Gemfile yín lálẹ́ òní kí ẹ kọ ọ́ sí i, kí alága yín tó pè.