Ta Ló Lé Ọ Wá?

Ìjọba tó bá fẹ́ gba ogúnléndé kì í kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tójú rẹ̀ rí. Ẹni tó lé e kúrò nílé ni wọ́n ń fẹ́ mọ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀tá wọn ló lé e, wọ́n á ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, wọ́n á tún pe oníròyìn wá ya fọ́tò rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn ni, wọ́n á ní kó padà lọ ní sùúrù.

Òkun tó wà láàárín Kúbà, Haiti àti ìpínlẹ̀ Florida ni ọ̀rọ̀ yìí ti hàn jù. Lẹ́yìn tí Fidel Castro gbàjọba ní 1959, gbogbo ará Kúbà tó bá sá dé Miami di ẹlẹ́rìí tí Amẹ́ríkà ń pè lòdì sí Kọ́múníìsì, irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ kì í sì í sùn síta. Òfin 1966 fún un láyè láti gba ìwé ìgbélùú lẹ́yìn ọdún méjì. Nígbà tó yá, wọ́n sọ ọ́ di ọdún kan. Kò pọn dandan kó ṣàlàyé pé ẹnikẹ́ni fìyà jẹ òun.

Ará Haiti náà wọ ọkọ̀ pákó. Òkun kan náà ni, ìjì rẹ̀ kò sì mọ ará Kúbà yàtọ̀ sí ará Haiti. Àwọn Duvalier, baba àti ọmọ tó ṣàkóso Haiti, ń fi àwọn jàǹdùkú Tonton Macoute fojú aráàlú rí màbo, àmọ́ wọ́n ní ìwà rere kan: wọ́n kórìíra Kọ́múníìsì. Ní 1981, Ronald Reagan, ààrẹ Amẹ́ríkà, bá Duvalier ọmọ ṣe àdéhùn pé kí ẹ̀ṣọ́ ojú omi Amẹ́ríkà máa dá àwọn ọkọ̀ náà padà lójú òkun. Amẹ́ríkà ní ebi ló lé àwọn ará Haiti wá, kì í ṣe ìjọba. Láàárín ọdún mẹ́wàá, wọ́n dá èèyàn tó lé ní 20,000 dúró. Àwọn tí wọ́n jẹ́ kó dé Amẹ́ríkà lọ ro ẹjọ́ wọn kò tó 50.

Castro náà mọ ayò ọ̀hún ta. Ní 1980, ó ṣí èbúté Mariel sílẹ̀, nǹkan bí 125,000 èèyàn sì ya wọ Florida; ó bu ẹlẹ́wọ̀n mọ́ wọn kí àlejò náà lè kún dáadáa.

Nígbà tí àwọn ará Kúbà tó so pákó mọ́ róbà táyà tún dé ní 1994, Ààrẹ Bill Clinton kò lè gba gbogbo wọn, kò sì gbójúgbóyà láti lé gbogbo wọn, torí ìbò àwọn ará Kúbà ní Florida kì í ṣe kékeré. Ìlànà tó gbé jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni pé ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ inú omi á padà sílé. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kan ilẹ̀ gbígbẹ á dúró. Ní oṣù kìíní 2006, ará Kúbà 15 gúnlẹ̀ sórí afárá àtijọ́ kan ní erékùṣù ìsàlẹ̀ Florida. Àwọn aláṣẹ rò ó síwá, wọ́n rò ó sẹ́yìn, wọ́n ní apá ibi tí wọ́n dúró sí ti já kúrò lára ilẹ̀, nítorí náà inú omi ni wọ́n ṣì wà. Wọ́n kó wọn padà. Adájọ́ ló wá sọ fún ìjọba pé ìrònú yẹn kò mọ́gbọ́n dání.

Barack Obama fòpin sí ìlànà náà lọ́jọ́ 12 oṣù kìíní 2017. Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kó gbéjọba sílẹ̀, kò sì ní ìbò kankan láti wá ní Florida mọ́.