Àlùbọ́sà Kan, Iye Mẹ́ta

Ẹ gbà mí o! Obìnrin kan ń ta àlùbọ́sà ní ọjà Sábó níbí, n kò ní dárúkọ rẹ̀, àmọ́ ohun tó ń ṣe nídìí àtẹ yẹn ti kúrò ní kékeré. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, iye mẹ́ta ló pe abọ́ kan náà. Ọmọ Fásitì kan kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá wa, ẹ kú ọjà, ẹ ṣàánú mi," ó gbé e lọ ní 700 náírà. Obìnrin tí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì san 1,000. Ni ìyáàfin kan bá sọ̀ nínú mọ́tò, ó wọ léèsì, kò kí ẹnikẹ́ni, ó kàn nàka sí abọ́: 1,500! Kò tíì wọ mọ́tò tán tí ọlọ́jà fi ṣẹ́jú sí wa.

Èmi tí mo jókòó tì í rí ohun tí aláṣọ léèsì kò rí. Àlùbọ́sà márùn-ún ló wà nínú abọ́. Èyí tó ti ń rà ló tẹ́ sísàlẹ̀, ó da ojú ibi tó ti rọ̀ délẹ̀, ó wá fi mẹ́rin tó ń dán bò ó. Kí Ọlọ́run má fi ìtìjú kàn wá.

Mo ṣáà rò pé ojúkòkòrò lásán ni. Mo bi í léèrè iye tó ra àpò. "Àǹtí, 75,000 ni. Ìdá kan nínú márùn-ún ni mo máa ń fi lé e." Owó ọkọ̀ ńkọ́? Alábàárù ńkọ́? Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń já fún un ńkọ́? Ó ní ìyẹn kò sí nínú owó ọjà. Ẹ ò rí nǹkan! Gbogbo wọn jẹ́ 5,000, àpò náà sì ti di 80,000 kó tó tú u.

Abọ́ 100 ló ń rí nínú àpò kan, 800 ni abọ́ kọ̀ọ̀kan ná an. Ọmọ tó kúnlẹ̀ yẹn, ó ti fi 100 náírà ta á lọ́rẹ! Ta ló wá san án? Aláṣọ léèsì.

Ìṣirò yìí kò le o. Bó bá fẹ́ kí náírà kan jẹ́ èrè nínú márùn-ún tó bá pa, 80,000 yẹn ni mẹ́rin yòókù. 20,000 ni yóò fi lé e, ó di 100,000, abọ́ kan 1,000. Òun fi ìdá kan nínú márùn-ún lé 75,000, ó di 90,000. Yọ 80,000 kúrò, 10,000 péré ló kù, náírà kan nínú mẹ́sàn-án, òun sì ń fọ́nnu káàkiri. Bí abọ́ mẹ́wàá bá tún rà dànù, 90 tó kù ni yóò ru ẹrù 100, ó lé díẹ̀ ní 1,100 lórí abọ́ kan. Kò ṣírò èyí tó máa rà, ló fi ń dì í sísàlẹ̀ abọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ má rò pé mo lòdì sí kí ọlọ́jà fowó lé ọjà. Lẹ́yìn ìjà tó ṣẹlẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá n'Ìbàdàn lóṣù kejì ọdún 2021, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta màlúù àti oúnjẹ dí ọ̀nà ẹrù tó ń bọ̀ láti Òkè Ọya, àlùbọ́sà gbówó lórí kíákíá, àwọn tó ti ní ti tẹ́lẹ̀ nílé náà fowó lé e. Àwọn èèyàn pè wọ́n ní ọ̀dájú. Èmi kò bú wọn tán: ẹni tó ta ti àná lówó àná, kí ló máa fi ra ti ọ̀la? Àmọ́ kí iye náà jẹ́ ọ̀kan fún ẹni tó kúnlẹ̀ àti ẹni tó dúró ṣánṣán.

Bí ẹ bá ń kọjá ní Sábó, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó kọ 1,100 sára páálí, kó gbé e síwájú àtẹ. Títí yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ da abọ́ náà délẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó.